Ìyá Ìkókó Lábúlé: Ewu Kò Tíì Tán Lọ́jọ́ Ìsọmọlórúkọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ àwọn olóko kòkó)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀, ó dá wa lójú pé ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò ni wọ́n retí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò náà ni a gbé wá. Apá ibi tí a kì í sábà kà sókè nínú rẹ̀ ni a fẹ́ kà lónìí.

Iṣẹ́ tiwa, àwa tí ìjọba rán láti máa yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, ni kí a wo owó tó wọlé àti owó tó jáde, kí a sì rí i pé wọ́n bára mu. Bí a bá ṣí ìwé ẹ̀yáwó, a lè rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó láti gbéyàwó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún yá owó láti sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún kẹta, owó tó ń fi pamọ́ dúró gbọin lójú kan, gbèsè rẹ̀ kò sì dín. Bí a bá bi akọ̀wé léèrè, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò ní, "Ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀ ti padà sí ìlú." Ìwé wa kò ní ojú ìlà tí a ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ ìyá ìkókó wá síwájú yín: ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó bá ara rẹ̀ ní abúlé ọkọ, tí ìgbéyàwó àti ayé oko sì ti sú u. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ẹbí lọ yanjú rẹ̀. A gbà pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń ṣe onídùúró fún èkejì, ilé kan kì í dá nìkan dàrú. Bí ó bá dàrú, àwọn onídùúró a bá a gbé gbèsè rẹ̀, ẹgbẹ́ a sì pàdánù ilé kan tí ì bá dàgbà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WỌN Ń RÍ

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ abúlé rẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ wà káàkiri agbègbè kòkó wa. Ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìbàdàn, ó sì ṣe fírídọ́ọ̀mù. Oṣù kejìlá ọdún ni ọkọ rẹ̀ wá sí ìlú, ìgbà tí kòkó ti di owó. Aṣọ rẹ̀ dára, alùpùpù rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ní òun ní oko, òun ní ilé, ilé òun sì ní páànù. Kò purọ́. Oko wà, ilé wà, páànù sì wà lórí ilé. Ohun tí kò sọ ni pé apá kan oko náà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó yá a lówó, àti pé láti ìgbà tí a bá ti ta kòkó tán títí tí òmíràn yóò fi pọ́n, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó máa ń so láàárín ọdún, ọwọ́ olóko kòkó a máa gbẹ bí odò ìgbà ẹ̀rùn.

Ó lóyún. Gbogbo ilé ń gẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ kì í jẹ́ kí ó gbé ohun tó wúwo. Ó sì bí ọmọkùnrin. Wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì." Ìyá tó bí i lọ́mọ wá láti ìlú, ó fi omi gbígbóná tọ́jú ara rẹ̀, ó ń wẹ ọmọ, ó ń se ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n pa ẹran, onílù wá, gbogbo abúlé jẹ, wọ́n yó. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n yá ṣe é. Nígbà tí ó pé 40 ọjọ́, ìyá rẹ̀ di ẹrù, ó padà sí ìdí ọjà rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ọmọbìnrin yìí ti là. Òun ló ń jí lọ sódò kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń dáná. Igi tútù ń rú èéfín sí òun lójú, ó ń rú u sí ọmọ nímú. Nígbà tí kòkó dé, ó jókòó nídìí òkìtì pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, wọ́n ń yọ kòkó kúrò nínú èèpo, wọ́n ń rù ú lọ síbi tí a ó ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí a tó sá a sí oòrùn. Lóru, ọmọ kò sùn. Ọkọ ní òun ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, kí ó gbé ọmọ jáde kí òun lè rí oorun sùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó gbé wá láti ilé wà ní igun yàrá, wọ́n ti da aṣọ bò ó. Àwọn ará abúlé kì í rán aṣọ àfi nígbà ọdún, kò sì sí owó tí yóò fi ra òwú. Bí ó bá fẹ́ ra ọṣẹ, ọwọ́ ọkọ ni yóò ti tọrọ owó. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tajà ni ó ti dàgbà, ìyá tí kò tọrọ owó iyọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin rí. Èyí ló dùn ún ju odò àti èéfín lọ.

Ó fi ọ̀rọ̀ lọ ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní, "Ṣé ìwọ nìkan ló bímọ ni?" Ó fi lọ ìyá ọkọ. Ìyá ní, "Ìyàwó wa, bí àwa náà ti ṣe é nìyẹn. Mẹ́jọ ni mo bí, n kò kú." Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí odò ń gbé lọ, bí a bá dúró létí odò tí a ń sọ fún un pé odò yìí ti gbé àwa náà rí, a kò tíì na ọwọ́ sí i.

KÍ LÓ YÀTỌ̀ SÍ TI ÀTIJỌ́?

Àwọn àgbà máa ń bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ìyá ìṣáájú fi gbà á mọ́ra, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lè gbà á? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni.

Èkíní, agbo ilé kún nígbà náà. Ìyálé wà, àwọn ìyàwó ilé wà, àwọn ọmọdébìnrin wà tí ń gbé ọmọ pọ̀n. Ọmọ kan lè ti ọwọ́ ènìyàn mẹ́fà kọjá kí oúnjẹ tó jinná. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú, ọ̀pọ̀ abúlé ti ku àwọn arúgbó àti ìwọ̀nba tọkọtaya díẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́fà ń ṣe ni a kó lé orí ẹnì kan, tí a sì ń yà á lẹ́nu pé ó rẹ̀ ẹ́.

Èkejì, ọkọ àtijọ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun fún ìyàwó ní owó òwò. Ìyàwó a bá ọkọ ṣe oko, ṣùgbọ́n a tún máa fọ́ epo, a máa yan gààrí, a máa ta obì. Ohun tó ń rí níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Òun náà mọ ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, àwọn ọmọ ni oko bàbá ń jẹ́ tiwọn, àwọn ẹbí sì ni ilẹ̀ ẹbí ń jẹ́ tiwọn. Ìyàwó kì í jogún oko ọkọ. Obìnrin tó bá lo 20 ọdún nídìí kòkó ọkọ láìní òwò tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá yí, aṣọ rẹ̀ nìkan ni yóò dì mọ́ ẹrù.

Ẹ̀kẹta, owó kòkó fúnra rẹ̀ ti yí padà. Títí di ọdún 1986 tí ìjọba àpapọ̀ fi tú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó títa kòkó ká, a ti máa ń mọ iye tí a ó ta kòkó kí àkókò rẹ̀ tó wọlé. Iye náà kéré, àwọn bàbá wa sì kùn púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n olóko lè jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n ṣírò ohun tí ọdún náà yóò mú wá. Láti ìgbà náà, iye kòkó lè gòkè kí ó sì wálẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó nígbà tí èso ṣì wà lórí igi, iye tó bá wu oníṣòwò ni yóò gbà. Ọkọ tí kò mọ ohun tí yóò bá ọwọ́ òun kò lè sọ fún ìyàwó ohun tí yóò bá ọwọ́ rẹ̀. Ó tijú láti sọ pé òun kò ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀. Ìyàwó rí ìbínú, kò rí ìtìjú.

A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹjọ́ ọkùnrin ni a wá rò níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró sí abúlé, tó ń roko, tó ń san owó ẹgbẹ́, ẹni ìyìn ni. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá lọ, òun náà kò ní pẹ́ lọ.

ÌBÀNÚJẸ́ KÌ Í ṢE ÌGBÉRAGA

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba, nítorí pé ẹ̀mí ń bọ́ nídìí rẹ̀. Gbogbo wa mọ abísínwín. Bí obìnrin bá bímọ tí orí rẹ̀ dàrú, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí ó fẹ́ ṣe ọmọ tàbí ara rẹ̀ léṣe, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìgbéraga. A ó gbé e lọ síbi ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi ọjọ́ falẹ̀.

Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí kì í pariwo. Obìnrin náà ń dáná, ó ń pọn omi, ó ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí ohunkóhun. Oúnjẹ kò wù ú. Ọmọ sùn, òun kò rí oorun sùn. Ó ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀. Ó ń rò pé òun kò yẹ ní ìyá, tàbí pé ó sàn kí òun má sí láyé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni omijé máa ń yọ lójú wọn ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, èyí a sì máa lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí a má ṣe dúró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní gbogbo ayé, bí 13 ni àìsàn ọkàn irú èyí ń bá, àti pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì là bíi tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ẹ ka àwọn ìyá ìkókó márùn-ún ní agbègbè yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí irú èyí bá ń ṣe, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ẹlẹ́mìí èṣù, kò sì sí ẹni tó sà sí i. Ìtọ́jú wà fún un. Kí a mú un lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí a sì sọ ohun tí a rí láìfi nǹkan pamọ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà dámọ̀ràn pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí oníṣẹ́ ìlera rí ìyá àti ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ: ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ bi ara yín léèrè iye ìgbà tí a ń gbé ìyá ìkókó kúrò ní abúlé wa lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Kí ẹ má sì rò pé abúlé ló burú. Ní ọdún 1954, ní Arò ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ó fi àwọn aláìsàn ọkàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, mọ̀lẹ́bí kan ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ènìyàn gbé pọ̀. Abúlé lè wo ènìyàn sàn bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn ni.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ ÀWỌN OBÌNRIN ṢE NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn àwọn ará Rochdale, àwọn 28 tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ọdún 1844, tí ìlànà wọn di ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù títí dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí a kì í sábà sọ ni pé ní ọdún 1883, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ náà dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀. Ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Margaret Llewelyn Davies ni akọ̀wé àgbà wọn láti 1889 títí di 1921.

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ náà fẹ́ ṣe òfin ìrànlọ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1911, àwọn obìnrin yìí jà fitafita pé kí owó ìbímọ wà nínú rẹ̀. Ó wọ inú òfin, ṣílè 30 ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ni ẹni tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ ni owó náà jẹ́ tirẹ̀. Wọn kò dákẹ́. Ní ọdún 1913, a tún òfin náà ṣe, owó náà sì di ti ìyá ọmọ. Ní ọdún 1915, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tó kó 160 lẹ́tà jọ, lẹ́tà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà fi ọwọ́ ara wọn kọ nípa oyún àti ìbímọ wọn. Ohun tó kún inú rẹ̀ ni ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe títí di ọjọ́ ìrọbí, oúnjẹ tí ìyá ń yọ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ kí ọkọ àti ọmọ lè jẹ, àìsinmi, àti ìtìjú tí kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé ìyá ìkókó tí ayé sú kì í ṣe nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa tàbí ní ayé òde òní. Àti pé nígbà tí àwọn òyìnbó yìí fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i, inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n dúró sí ṣe é.

OHUN TÍ APÁ WA KÁ

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àwọn nǹkan tí a rí pé apá ẹgbẹ́ kékeré ká nìwọ̀nyí, láìdúró de ìjọba.

1. Kí a kọ orúkọ ìyàwó sínú ìwé ẹgbẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ìpín tirẹ̀ àti ìwé owó tirẹ̀. A máa ń rí "ìyàwó lágbájá" nínú ìwé. Èyí kò tọ̀nà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan ni ìlànà wa, ìlànà náà kò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

2. Kí ẹgbẹ́ dá àpò ìkókó sílẹ̀. Nǹkan bíi 40 ọ̀sẹ̀ ni oyún ń lò. Bí tọkọtaya bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún bá pé oṣù mẹ́ta, ó ku nǹkan bíi 27 ọ̀sẹ̀. Bí ọkọ bá ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀, tí ìyàwó ń dá ₦500, yóò jẹ́ ₦40,500 kí ọmọ tó dé. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè kọ́. Ìyá ọmọ nìkan ni kí ó fi ọwọ́ sí ìwé gba owó yìí. Kí ó wà fún ilé ìwòsàn, oúnjẹ rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa pọnmi fún un. Kò gbọdọ̀ kan onílù.

3. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá tọrọ ẹ̀yáwó fún ìsọmọlórúkọ, kí ìgbìmọ̀ bi í pé, "Èló ni ti ìyá ọmọ nínú rẹ̀?" Bí kò bá ní èsì, kí ó lọ ronú wá. Orúkọ ọmọ kì í yí padà nítorí pé àwo ìrẹsì kò pọ̀.

4. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ yá ìyá ọmọ ní owó òwò kékeré ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ, kí ó ra òwú, kí ó máa gbé aṣọ lọ sí ọjà ọrọọrún. Ẹni tó mọ gààrí, kí ó ra ẹ̀gẹ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ó máa san án padà, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni owó tirẹ̀ ń wọlé. Owó kòkó ọkọ ló ń dúró de ìparí ọdún.

5. Kí ẹgbẹ́ yan ìyá àgbà méjì tí yóò máa bẹ ìyá ìkókó wò lẹ́yìn 40 ọjọ́, nígbà tí àlejò ti lọ tán. Kí wọ́n gbé ọmọ fún un fún wákàtí méjì kí ó sùn. Kí wọ́n bi í léèrè bí ara rẹ̀ ti rí, kí wọ́n sì dákẹ́ gbọ́ èsì. Kí ẹgbẹ́ bá ọlọ́kọ̀ tàbí ọlọ́kadà kan dá iye owó ilé ìwòsàn sọ ṣáájú, ní ọ̀sán àti ní òru, kí a má baà máa dúnàá-dúrà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ya.

6. Kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wo orúkọ tó kọ sílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ fún ní ìpín àti owó òun bí òun bá kú. Òfin ẹgbẹ́ fún wa ní àǹfààní láti yan ẹni tó wù wá. A ń rí ìwé tí ojú ìlà náà ṣófo, a sì ń rí èyí tí orúkọ bàbá tó ti dolóògbé wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ kò yẹ kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀la.

Àgbà kan lè sọ pé, "Bí ẹ bá fún obìnrin lówó, ṣé kò ní tètè lọ ni?" Ẹ jẹ́ kí a fi ìfọ̀kànbalẹ̀ dáhùn. Àwọn tí à ń gbọ́ pé wọ́n lọ, àwọn tí kò ní nǹkankan níbẹ̀ ni. Wọn kò ní oníbàárà, wọn kò ní owó nínú ẹgbẹ́, wọn kò ní ìpàdé tí a ti ń gbọ́ ohùn wọn. Kí ni yóò dá wọn dúró? Ẹni tó ní gbòǹgbò ní ibì kan kì í tètè fà tu. Síbẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan yóò lọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, ẹ̀mí rẹ̀ ṣáájú oko àti ẹgbẹ́, kò sì sí ètò wa kankan tí a gbọ́dọ̀ fi dè é mọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé owó yín han ìyàwó yín. Bí kò bá sí owó, ẹ sọ pé kò sí. Kí ọkùnrin pọnmi, kí ó gbé ọmọ ní òwúrọ̀ kan nínú ọ̀sẹ̀, kò bu iyì rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni ẹ mọ ọ̀nà náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Mẹ́jọ tí ẹ bí kí ó jẹ́ ìdí tí ẹ fi máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ rántí ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ nígbà tiyín. Bí kò bá sì sí ẹni tó ràn yín lọ́wọ́, ẹ rántí bí ó ti rí.

Ẹ̀yin ọmọ wa obìnrin, ohun tí ó ń dùn yín ti dé etí wa. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ gbé ọmọ wá, kí ó sunkún, kò sí ẹni tí yóò lé yín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín níbi tí a ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú àṣà wa, "ẹ kú ewu" ni a ń kí ọlọ́mọ tuntun, nítorí pé àwọn baba wa mọ̀ pé ewu ni ó là kọjá. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kí i tán, tí a ti jẹ ìrẹsì, tí olúkúlùkù ti gba ilé rẹ̀ lọ. Èyí ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ṣọ́.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n mú kókó mẹ́fà yìí lọ sí ìpàdé wọn tó ń bọ̀, kí wọ́n yan èyí tí apá wọn ká, kí akọ̀wé sì kọ ìpinnu náà sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Bí a bá tún dé láti yẹ ìwé wò, a ó kọ́kọ́ bèèrè owó, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn náà, a ó bèèrè iye ìyá ìkókó tó wà ní agbègbè ẹgbẹ́, iye wọn tó ní ìwé owó ní orúkọ ara wọn, àti ìgbà tí ẹnì kan bẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ní èsì.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.  Kí àwọn tó ń rọbí sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí àwọn tó ti bí má ṣe kábàámọ̀ pé wọ́n bí sí àárín wa. Ire o.